Bísíkíìtì Kérésì tí a fi kọ́tà gé: kí ni kò ní jẹ́ kí ìràwọ̀ di róbótó nínú ààrò?

Olùkọ́ Ọmọdé, Sùúrùlérè:

Ẹ kú ìmúra ọdún o, ẹ̀yin àǹtí àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tí ẹ mọ iṣẹ́ kéèkì. Mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi ṣe bísíkíìtì tí a ó pín fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní ìjọ wa lẹ́yìn ìsìn Kérésìmesì, irú èyí tí a máa ń fi kọ́tà gé ní ìrísí ìràwọ̀, agogo àti igi Kérésì, tí a ó sì fi icing pupa, funfun àti àwọ̀ ewé ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Ìwé ìdáná ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan ni mo ń tẹ̀ lé. Ó ní kí n lo fúláwà gíráàmù 375, bọ́tà gíráàmù 225, ṣúgà gíráàmù 200, ẹyin 1, béékìn páódà ṣíbí tíì 1 àti fáníílà díẹ̀. Kí bọ́tà náà wà ní ìwọ̀n ìgbóná inú yàrá kí n tó lù ú pọ̀ mọ́ ṣúgà. Kí n sì yan án ní 180°C fún ìṣẹ́jú 10.

Gbogbo rẹ̀ ni mo ń ṣe bí ìwé ti wí. Síbẹ̀, ìràwọ̀ tí igun rẹ̀ mú ṣáṣá nígbà tí mo tò ó sórí tíréè ni yóò fẹ̀ nínú ààrò títí igun márààrún yóò fi wọlé, tí agogo yóò sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí àkàrà tí epo rẹ̀ kò gbóná. Ó dùn lẹ́nu, n kò parọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò mọ̀ pé agogo ni? Icing náà ní tirẹ̀ kì í gbẹ bọ̀rọ̀. Bí mo bá fi ìka kàn án lọ́jọ́ kejì, yóò ṣì máa lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, pupa yóò sì ti ṣàn wọ inú funfun.

Ilé ìdáná wa kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. A ní fíríìjì àti ààrò gáàsì, ṣùgbọ́n iná mànàmáná kì í dúró, jẹnẹrétọ̀ wa kò sì lè gbé fíríìjì. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé bọ́tà ni kí n pààrọ̀ ni, àbí ìwọ̀n, àbí ààrò? Ẹ má sọ pé kí n lọ ra èyí tó wà nínú páálí o, àwọn ọmọ ti ń retí.

Ìyá Alákéèkì, Mushin:

Ẹ kú iṣẹ́, olùkọ́. Ìwọ̀n inú ìwé yín kò burú. Yàrá tí ẹni tó kọ ọ́ ní lọ́kàn ni kì í ṣe yàrá wa. Bí wọ́n bá sọ nílẹ̀ òtútù pé kí bọ́tà wà ní ìwọ̀n ìgbóná inú yàrá, nǹkan bíi 20°C ni wọ́n ń sọ, ìyẹn bọ́tà tí ìka lè tẹ̀ wọnú díẹ̀ ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ kò tíì máa dán. Ní Sùúrùlérè lọ́sàn-án oṣù Kejìlá, ilé ìdáná tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn lè tó 30°C kí ẹnikẹ́ni tó ṣáná sí ààrò rárá, bẹ́ẹ̀ sì ni bọ́tà a máa yọ́ di òróró ní nǹkan bíi 32 sí 35°C. Kí ẹ tó ti tíréè bọ inú ààrò, ọ̀rá inú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ́ tán. Ohun tó sì ń mú kí bísíkíìtì dúró bí a ti gé e ni pé kí fúláwà àti ẹyin gan kí ọ̀rá tó ráyè ṣàn. Bí ọ̀rá bá ti rọ̀ jù láti ìta, òun ni yóò ṣáájú, igun ìràwọ̀ yóò sì bá a lọ.

Òtútù ni kí ẹ wá, kí ẹ tó wá ìwọ̀n tuntun. Èmi a máa yọ bọ́tà nínú fíríìjì, n ó gé e wẹ́wẹ́, n kò sì ní jẹ́ kí ó pẹ́ níta ju ìṣẹ́jú 10 lọ kí n tó lù ú mọ́ ṣúgà. Ẹ má lù ú títí yóò fi funfun tí yóò sì wú bíi ti kéèkì, nítorí afẹ́fẹ́ tí ẹ bá lù sínú rẹ̀ ni yóò gbé e sókè nínú ààrò tí yóò sì tún dà á wó. Kí ó sáà ti pọ̀ mọ́ra. Hóró ṣúgà ọjà wa tóbi, nítorí náà ẹ lọ̀ ọ́ nínú búléńdà gbígbẹ kí ó kúnná, kí ẹ sì dín in kù sí gíráàmù 150, nítorí ṣúgà púpọ̀ náà wà lára ohun tó ń mú bísíkíìtì fẹ̀, icing yóò sì dí àdínkù adùn rẹ̀. Ẹ fi fúláwà kún un kí ó tó gíráàmù 400. Ẹ yọ béékìn páódà kúrò pátápátá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú nǹkan wú, ẹ̀yin kò sì fẹ́ kí ó wú.

Bí ẹ bá ti po ó tán, ẹ má ṣe kó o jọ ní ìṣù sínú fíríìjì, nítorí ìṣù ńlá a máa pẹ́ kí àárín rẹ̀ tó tutù, iná sì lè lọ kí ó tó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ pín in sí méjì, ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sáàárín ọ̀rá náílọ́ọ̀nù fífẹ̀ méjì tó mọ́, ẹ fi igi yí i títí yóò fi nípọn ní mìlímítà 6, kí ẹ sì gbé e sínú fíríìjì lórí tíréè bí ó ti rí pẹrẹsẹ yẹn. Ìdajì wákàtí ti tó o. Náílọ́ọ̀nù yìí kò tún ní jẹ́ kí ẹ máa da fúláwà sórí tábìlì, èyí tó máa ń mú bísíkíìtì le bí a bá da á jù. Nígbà tí ó bá ti le, ẹ fi kọ́tà gé e, kí ẹ dá àwọn tí ẹ gé padà sínú fírísà fún ìṣẹ́jú 15 kí wọ́n tó rí ààrò. Ẹ tún àwọn àgékù rẹ̀ pò pọ̀, ẹ nà án, ẹ sì jẹ́ kí ó tún tutù. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń kánjú nìyẹn, tí ti ìkẹyìn kì í fi í jọ ti àkọ́kọ́.

Ní ti iná tí kì í dúró, ẹ ra yìnyín lọ́wọ́ àwọn tó ń ta omi tútù, ẹ dì í sínú ọ̀rá náílọ́ọ̀nù méjì kí omi rẹ̀ má baà kan ìyẹ̀fun tí ẹ ti pò, ẹ tò ó sí ìsàlẹ̀ kúlà ńlá, kí ẹ gbé tíréè kékeré lé e, kí ẹ sì dé e pa. Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí kí oòrùn tó yí sí ojú fèrèsé yín.

Ààrò gáàsì wa pàápàá ní ẹjọ́ láti jẹ́. Nọ́ńbà ara bọ́tìnnì rẹ̀ kì í sábà bá ìgbóná inú rẹ̀ mu, nítorí náà ẹ ra tẹmómítà kékeré tí a ń gbé kọ́ sínú ààrò, kí ẹ sì jẹ́ kí iná jó fún ìṣẹ́jú 20 kí ẹ tó ti ohunkóhun bọ̀ ọ́. Nítorí pé ìsàlẹ̀ ni iná rẹ̀ ti ń wá, ẹ fi tíréè òfìfo sí abẹ́ èyí tí ẹ to bísíkíìtì sí kí ìdí rẹ̀ má baà jó. Ẹ má to bísíkíìtì tútù sórí tíréè gbígbóná láéláé. Ẹ yọ ọ́ nígbà tí etí rẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n díẹ̀ tí àárín ṣì funfun. Yóò rọ̀ lójú yín, ṣùgbọ́n ẹ fi sílẹ̀ lórí tíréè fún ìṣẹ́jú 5, yóò le. Kí ẹ tó yan gbogbo rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ yan ìràwọ̀ kan ṣoṣo wò.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:

Ọ̀rọ̀ ìyá wa ará Mushin pé. Ibi tí mo ti yà lọ́dọ̀ wọn díẹ̀ ni bọ́tà. Bọ́tà gidi dùn, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí fíríìjì rẹ̀ kò dúró tó ní bọ́tà gidi nìkan ni òun yóò lò ń fi ara rẹ̀ sínú wàhálà. Máńjárínì líle tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń yan nǹkan, tí ẹ ó rí rà ní Òkè Àrín níbi tí wọ́n ti ń ta fúláwà àti ṣúgà, kì í tètè yọ́ bíi bọ́tà. Ẹ fi ìdajì rẹ̀ pọ̀ mọ́ ìdajì bọ́tà. Òórùn bọ́tà yóò ṣì wà níbẹ̀, ìràwọ̀ yóò sì dúró. Ẹ má ṣe fi èyí tó rọ̀ nínú ike, tí a ń fi pa búrẹ́dì, dípò rẹ̀, nítorí omi inú rẹ̀ pọ̀. Ẹ ka ara ike náà: bí ọ̀rá tí wọ́n kọ síbẹ̀ kò bá tó ìdá 80 nínú 100, búrẹ́dì ni kí ẹ fi jẹ.

Mùsùlùmí ni mí, nítorí náà oṣù àti ìràwọ̀ ni mo ń gé fún ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, tí mo sì ń gé àgbò fún Iléyá. Ẹsẹ̀ àgbò ni kí ẹ bi mí: tín-ín-rín tó rí yẹn, yóò ti pọ́n kí ikùn rẹ̀ tó jinná, bí ẹ bá sì gbé e láìfi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ ti abẹ́ rẹ̀, yóò kán. Ẹ to àwọn kékeré pọ̀ sórí tíréè kan, kí àwọn ńlá wà lórí òmíràn. Bí kọ́tà igi Kérésì bá wọ́n, ẹ ya igi náà sórí páálí tó mọ́, ẹ gé e, ẹ gbé e lé ìyẹ̀fun tútù, kí ẹ fi ẹnu ọ̀bẹ yí i po.

Adánáṣayọ̀, Yábàá:

Icing ni tèmi, nítorí òtútù tó gba bísíkíìtì là ni yóò ba icing jẹ́. Ẹ má ṣe gbé bísíkíìtì tí ẹ ti fi icing sí lójú sínú fíríìjì pé kí ó yá gan. Bí ẹ bá ti gbé e jáde sínú ooru Èkó ni ìrì yóò sẹ̀ sí i lójú, pupa yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Icing sugar gíráàmù 450, meringue powder (funfun ẹyin tí wọ́n gbẹ tí wọ́n sì lọ̀ kúnná) ṣíbí ìjẹun 3 àti omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ṣíbí ìjẹun 5 sí 6 ni mo ń fi ẹ̀rọ lù papọ̀, títí ojú rẹ̀ kò fi ní dán mọ́ tí ṣónṣó rẹ̀ yóò sì dúró bí mo bá yọ ẹ̀rọ. Ẹ fi ọtí kíkan nu abọ́ àti ọmọ ẹ̀rọ náà ṣáájú, nítorí ọ̀rá kín-ún báyìí tó kù sí ara abọ́ kò ní jẹ́ kí ó wú. Èyí tó ki ni ẹ ó fi fa ìlà yí etí bísíkíìtì ká. Èyí tí ẹ ó dà sáàárín ni ẹ ó máa fi omi là, ní ẹ̀kán ẹ̀kán, kì í ṣe ní ṣíbí ṣíbí: ẹ fi ọ̀bẹ fa ìlà sí i lójú, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka 1, 2, 3. Bí ojú rẹ̀ bá padé láàárín 10 sí 15, ó ti tó. Bí ó bá padé kí ẹ tó ka 5, omi ti pọ̀ jù, irú èyí kì í gbẹ bọ̀rọ̀, mo sì fura pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yín wà, olùkọ́.

Kọ́lọ̀ tó ki bíi ògì ni kí ẹ béèrè nísọ̀ àwọn tó ń ta èlò kéèkì, ẹ má lo olómi, èyí tí wọ́n sì fi òróró pò fún ṣokoléètì kò wúlò fún icing yìí. Ẹ po pupa lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú; yóò pọ́n sí i di òwúrọ̀, kọ́lọ̀ tí ẹ ó lò yóò sì dín kù. Bí pupa yóò bá sùn lórí funfun, ẹ jẹ́ kí funfun gbẹ dé inú kí ẹ tó fa pupa sí i.

Ọ̀sà àti òkun ló yí wa ká, nítorí náà ọ̀rinrin kì í kúrò nínú afẹ́fẹ́ Èkó pátápátá, àní lọ́gbẹlẹ̀ pàápàá. Ẹ tò wọ́n síwájú fáànù, kí afẹ́fẹ́ máa gba ojú wọn kọjá. Ojú lè gbẹ láàárín wákàtí 1 sí 2, ṣùgbọ́n inú lè gbà tó wákàtí 24. Bí ọyẹ́ bá dé, inú yín yóò dùn, ṣùgbọ́n ẹ máa fi aṣọ tútù bo abọ́ àti ẹnu ọ̀rá tí ẹ fi ń fa ìlà, nítorí yóò gan sí yín lọ́wọ́.

Olùkọ́ Ọmọdé, Sùúrùlérè:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Olúwa yóò jẹ́ kí a ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún láyé. Mo ti yan ìràwọ̀ kan wò láàárọ̀ yìí láti inú kúlà yìnyín, igun rẹ̀ márààrún pé. Ó ku ìbéèrè méjì: ṣé mo lè fi funfun ẹyin tútù dípò meringue powder, nítorí ó wọ́n? Ọjọ́ wo ni kí n sì bẹ̀rẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ tó dé ọwọ́ àwọn ọmọ ní ọjọ́ 25?

Adánáṣayọ̀, Yábàá:

Àwọn àgbà alákéèkì máa ń lo funfun ẹyin tútù, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹyin tí a kò sè lè ní kòkòrò Salmonella nínú, ọmọ kéékèèké sì ni ẹ fẹ́ fún. Èmi kò ní lò ó. Bí meringue powder bá wọ́n jù, ẹ fi omi àti ṣíbí ìjẹun kan glucose olómi po icing sugar. Kò ní le tó ti àkọ́kọ́, nítorí náà ẹ má ṣe to bísíkíìtì rẹ̀ léra wọn.

Ẹ po ìyẹ̀fun ní ọjọ́ 20, ẹ yan án ní ọjọ́ 21, kí ẹ sì kó o sínú agolo tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀; kò ní ṣe nǹkan kan. Ẹ fi funfun sí i lójú ní ọjọ́ 22, pupa àti àwọ̀ ewé ní ọjọ́ 23, kí ó wà níwájú fáànù di ọjọ́ 24. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni kí ẹ kó wọn sínú ọ̀rá, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi ẹ̀yìn ìka tẹ pupa àárín rẹ̀ tí kò sì lẹ̀.