Akọ́nikọ̀wé kọ́, Tíṣà ni

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo kí yín o. Mo ti fẹ́ panu mọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n "akọ́nikọ̀wé" kò jẹ́ kí n sùn.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé: arákùnrin wa kan ń kọ ìwé pélébé nípa D. O. Fágúnwà fún àwọn ọmọléèwé. Ó ń wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún ẹni tó jẹ́ olùkọ́, tó tún ń kọ ìtàn àròsọ. Ó sì ń wá òmíràn fún àwọn tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ́ ní kékeré, tí wọ́n ti dàgbà, tí wọ́n wá ń ròyìn rẹ̀. Ó dábàá "akọ́nikọ̀wé" fún ti àkọ́kọ́, "akẹ́kọ̀ọ́jáde àtijọ́" fún ìkejì. Àwọn kan ti pàtẹ́wọ́. Èmi kò pa á.

Ẹ wo ẹ̀gbọ́n akọ́nikọ̀wé tó ti wà nílẹ̀, ìyẹn akọ́nimọ̀ọ́gbá tí à ń gbọ́ lórí rédíò bí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Akọ́nimọ̀ọ́gbá kì í ṣe ẹni tó ń kọ́ni, tó sì tún ń gbá bọ́ọ̀lù. Ẹni tó ń kọ́ni títí a fi mọ̀ ọ́n gbá ni. Ikùn àwọn mìíràn nínú wọn kò tilẹ̀ jẹ́ kí wọ́n lè sáré mọ́. Bí a bá wá ní akọ́nikọ̀wé, ohun tí etí Yorùbá máa gbé ni ẹni tó ń di ọmọ lọ́wọ́ mú kó lè kọ a, b, d. Fágúnwà kọ́ ọmọdé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí arákùnrin wa fẹ́ wí nìyẹn. Ẹ tún yọ àmì ohùn kúrò, bí àwọn kan ṣe máa ń ṣe, ẹni tó bá ń sáré kà á á rò pé akọni la ní lọ́kàn.

Mo mọ ohun tó wọ̀ ọ́ lójú. Ó kọ́ wa, ó kọ ìwé: ohùn nìkan ló yà wọ́n. (Ẹ fi ọmọ tó kọ̀, tí kò kọ ohun tí wọ́n kọ́ ọ kún un, ó pé mẹ́ta.) Ó dùn lẹ́nu, àmọ́ ẹnu ni kó mọ.

Ẹlòmíràn ní kí a kúkú pe òǹkọ̀tàn àròsọ ní "aláròsọ". Ha! Àròsọ dára níbi tó wà, lẹ́yìn ìtàn. Ṣùgbọ́n ẹ dé Ọjà Ọba n'Ìbàdàn, kí ẹ pe ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ní aláròsọ, kí ẹ wá wo ohun tí yóò fi fọ̀ yín lójú. "Àròkọ" ńkọ́? Ọwọ́ ọmọléèwé ló wà, òun náà ni wọ́n ń fún ní máàkì. "Òpìtàn" sì ti di ti àwọn tó ń wádìí bí ìlú ṣe dó. Òǹkọ̀wé ti tó. N kò tí ì rí ẹni tó gbọ́ "Fágúnwà òǹkọ̀wé" tó rò pé ìwé ìṣirò ló kọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí n kò fi gbà pé ó yẹ ká so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ fún un rárá. Láti 1930 dé 1939, St. Andrew's ní Ọ̀yọ́, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó máa di tíṣà, ni Fágúnwà ti ń ṣe tíṣà. Ibẹ̀ ló wà nígbà tí ìdíje ìtàn kíkọ ti 1936 dé, ibẹ̀ náà ló wà nígbà tí *Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀* jáde ní 1938. Ẹ rántí bí ìwé náà ṣe bẹ̀rẹ̀: bàbá àgbàlagbà kan wọlé dé, ó ní kí ẹni tó bá nílé mú ohun ìkọ̀wé, kó máa kọ ohun tí òun bá sọ sílẹ̀. Nígbà tó máa fi padà wá, àwọn ènìyàn ti gbọ́, wọ́n ti pé jọ síbẹ̀. Ẹnì kan ń sọ, ẹnì kan ń kọ, àwọn yòókù lanu sílẹ̀. Kí la ń pe irú ìjókòó yẹn bí kò ṣe kíláàsì? Nígbà tí àwọn ògbójú ọdẹ inú ìtàn náà sì dé Òkè Láńgbòdó tí wọ́n rán wọn lọ, Ìrágbèje, ọlọ́gbọ́n ibẹ̀, kó wọn jọ nínú ilé olójúlé méje, ó ń kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́. Àkàrà-oògùn, ọdẹ tó ni ìtàn náà, tó ti bá Agbákò abàmì ẹ̀dá inú igbó jà, wá jókòó jẹ́ẹ́ bí ọmọ kíláàsì kìíní. Tíṣà ló wà nínú ìwé náà láti òkè dé ilẹ̀.

Ẹ má sọ fún mi pé òyìnbó ló ni "tíṣà". 1896 ni wọ́n ti dá St. Andrew's sílẹ̀. Láyé ìgbà náà, àwọn tó ń jáde níbẹ̀ ń kọ́ ọmọ láàrin ọ̀sẹ̀, wọ́n ń wàásù lọ́jọ́ Ìsinmi, Tíṣà sì ni gbogbo abúlé ń pè wọ́n. Orí ìwé ni "olùkọ́" ń gbé. Èwo nínú yín ló sunkún délé rí, tó ní, "Màámi, olùkọ́ nà mí"?

Ó ku "akẹ́kọ̀ọ́jáde àtijọ́". Akẹ́kọ̀ọ́jáde ni ẹni tó ti parí, tó gbàwé ẹ̀rí. Ti àtijọ́ wá ńkọ́? Ṣé ó jáde nígbà kan ni, tó tún ti padà wọlé?

Èmi àti bàbá mi lọ síbi ìsìnkú kan lẹ́yìn Ìbàdàn. Bàbá mi ti lé lọ́gọ́ta ọdún nígbà náà, ó ti ní ọmọ-ọmọ. Bó ṣe tajú kán rí bàbá kúkúrú kan lábẹ́ àtíbàbà, ó ṣí fìlà, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí iyẹ̀pẹ̀ tòun ti agbádá tuntun. Bàbá kúkúrú náà wò ó títí.

"Ìwọ lo máa ń fọwọ́ òsì kọ̀wé."

"Èmi ni, sà."

"Ṣé o ti ṣíwọ́?"

"N ò tí ì ṣíwọ́, sà."

Bàbá mi wá kọjú sí mi, ó ní, "Tíṣà mi nìyí." Kò ní "tẹ́lẹ̀", kò ní "nígbà kan rí", bẹ́ẹ̀ ó ti lé láàádọ́ta ọdún tó ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá náà ń sọ fún ẹni tó jókòó tì í pé, "Ọmọ tí mo kọ́ ni." Gómìnà ló ń di ti tẹ́lẹ̀, nítorí ó ń kúrò lórí àga.

Nítorí náà, arákùnrin mi, bí mo ṣe máa kọ ojú ewé àkọ́kọ́ rẹ nìyí: "Tíṣà ni Fágúnwà, òǹkọ̀wé sì ni. Òkè-Igbó ni wọ́n ti bí i ní 1903, ó sì kú ní oṣù Kejìlá 1963." Níbi tí o bá ti fẹ́ mú àwọn yòókù wọlé, kọ "àwọn ọmọ tí Tíṣà kọ́". Ó gùn ju ọ̀rọ̀ kan lọ, mo mọ̀. Owó ìtẹ̀wé kọ́ ló máa lé.

Ẹ bá mi dá sí ẹyọ kan tó kù. Arábìnrin wa tó wà ní London ń kọ "tísà", èmi ń kọ "tíṣà". Mo fẹ́ bá a jà, àfi bí mo ṣe rántí pé ọmọ Ìbàdàn ni bàbá mi. "Tísà mi nìyí" ló sọ lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo fi àmì sábẹ́ ẹ̀ fún un.