Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: bàbá kan nínú ẹgbẹ́ wa ò lè lo wẹ́bsáìtì wa torí ojú wọn ò ríran

Ìyá Sími, Kubwa
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará wa. Èmi ni mò ń bójú tó wẹ́bsáìtì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa níbí, ibẹ̀ la máa ń gbé ọjọ́ ìpàdé àti fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó sí. Bàbá kan wà láàárín wa tí ojú wọn ò ríran mọ́, fóònù wọn ló ń ka nǹkan sétí wọn, wọ́n ń fi gba mẹ́séèjì, wọ́n ń fi ka ìròyìn, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti dé ọ̀dọ̀ tiwa, "image, button, image" ni wọ́n ń gbọ́ ṣáá. Ọmọ wọn ló wá ń bá wọn kọ fọ́ọ̀mù, bẹ́ẹ̀ wọn ò sì fẹ́ kí ọmọ mọ iye tí àwọn ń yá. Ó dùn mí gan-an ni. Ẹni tó ṣe wẹ́bsáìtì náà ní àfi ká san owó míì kí òun tún gbogbo ẹ̀ ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni lóòótọ́?

Bàbá Ìbejì, Gwarinpa
Ẹ má tíì sanwó fún ẹnikẹ́ni o. Ẹ kọ́kọ́ wo àwọn fọ́tò. Tó bá jẹ́ flyer lẹ fi ń kéde ìpàdé, ẹ tẹ ọjọ́, àkókò àti ibi ìpàdé sábẹ́ ẹ̀. Ibi tí ẹ ti ń gbé fọ́tò sókè, àyè kan wà tí wọ́n kọ "alt text" sí, ẹ sọ ohun tó wà nínú fọ́tò síbẹ̀ ní gbólóhùn kan. Èyí tó bá jẹ́ ọ̀ṣọ́ lásán, kí alt ẹ̀ wà lófìfo, fóònù á fò ó kọjá.

Alàgbà, Jos
Èmi náà ò ríran, NVDA ló ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà sí mi létí, ọ̀fẹ́ ni, TalkBack ló sì ń ṣe irú ẹ̀ lórí fóònù mi. Ìyá Sími, fọ́ọ̀mù yẹn gan-an ni kí ẹ mójú tó. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé wọ́n á kọ "iye owó" fẹ́ẹ́rẹ́ sínú àpótí, tí èèyàn bá ti ń tẹ nǹkan sí i ó ti pòórá nìyẹn, nígbà míì gan-an "edit box" nìkan ni mo máa gbọ́, mi ò mọ̀ bóyá orúkọ ni wọ́n ń béèrè ni àbí nọ́ńbà báǹkì. Kí àpótí kọ̀ọ̀kan ní label tiẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó ń sọ ohun tí wọ́n ń béèrè níbẹ̀, kí wọ́n so ó mọ́ ọn nínú kóòdù, iṣẹ́ kékeré ni. Tí èèyàn bá sì ṣì í kọ, kí wọ́n má kàn fi àwọ̀ pupa yí àpótí po, kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé "ẹ ò tíì kọ nọ́ńbà fóònù". Bàbá yẹn á dá fọ́ọ̀mù wọn kọ láìsí pé ọmọ kankan gbọ́.

Àǹtí Kàdúná
Fídíò ìpàdé ńkọ́? Adití ni àbúrò mi. Ẹ fi ọ̀rọ̀ sí ìsàlẹ̀ fídíò, èyí tí ẹ̀rọ bá dá kọ, ẹ kà á kí ẹ tún un ṣe, orúkọ àwọn èèyàn wa ló kọ́kọ́ máa ń bàjẹ́.

Bàbá Ìbejì, Gwarinpa
Òótọ́ ni. Àwọ̀ náà o, lẹ́tà eérú lórí funfun máa ń ni àwọn àgbà lára. Ìlànà tí gbogbo ayé ń lò kí wẹ́bsáìtì lè rọrùn fún akàndá ẹ̀dá, WCAG, ní kí ìyàtọ̀ àárín lẹ́tà kéékèèké àti ẹ̀yìn ẹ̀ tó 4.5 sí 1 ó kéré tán, irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń wọ̀n ọ́n. Ẹ tún gbé mouse sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ máa tẹ bọ́tìnì Tab orí kíbọ́ọ̀dù nìkan, ibi tí ẹ ò bá lè dé, ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ ò lè di mouse mú náà ò ní dé ibẹ̀. Ẹ sì rán ẹni tó ṣe é létí pé látọdún 2019 ni òfin ti wà ní Nàìjíríà tó ní ká má fi ohunkóhun du àwọn akàndá ẹ̀dá.

Ìyá Sími, Kubwa
Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á gbọ́ tiyín náà. Fọ́tò àti flyer, màá ṣe ìyẹn fúnra mi lálẹ́ yìí. Label ni màá ní kó wá ṣe.

Alàgbà, Jos
Tó bá ti ṣe é tán, ẹ jẹ́ kí bàbá fi fóònù tiwọn kọ fọ́ọ̀mù náà dé ìparí kí ẹ tó san owó ẹ̀.