Eṣinṣin ilé ẹṣin: ibi tọ́rọ̀ dé

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo béèrè níjọ́sí bá a ṣe lè lé eṣinṣin nílé ẹṣin wa l'Ẹ́lẹ́yẹlé láìfín oògùn. Ó ti rọlẹ̀! Gbígbá ilẹ̀ ló ṣe é jù. Bí ojú ọjọ́ bá gbóná, ẹyin eṣinṣin lè di èyí tó ń fò láàárín ọjọ́ 7 sí 10, torí náà ojoojúmọ́ là ń kó ìgbẹ́ àti koríko tí ìtọ̀ ti rin, pàápàá tẹ̀yìn garawa omi. Ibẹ̀ gan-an nìdin ń hó. A ń kó o jọ sọ́nà jíjìn, a sì ń fi ọ̀rá dúdú bò ó kó lè gbóná pa ìdin. Fáànù náà dáa, bíná bá wà. Òróró dóńgóyárò tá a fi ń lé eṣinṣin ò pẹ́ lára ẹṣin ṣá. Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin tẹ́ ẹ dáhùn; mo ti pa ìbéèrè yìí dé.