Orí tírélà Mack tókùnbọ̀: CH613 ni kí a rà ni, tàbí Pinnacle?

Olùbéèrè: Ẹ̀yin àgbà awakọ̀ àti ẹ̀yin mẹkáníìkì wa, ẹ kú iṣẹ́. Èmi àti àbúrò mi obìnrin da owó pọ̀ láti ra orí tírélà Mack kan tí yóò máa kó simẹ́ńtì láti Ẹwẹ́kọrò lọ sí Ìbàdàn. Méjì la rí: CH613 ọdún 1998, àti Pinnacle ọdún 2009 tí inú rẹ̀ ṣì mọ́ tónítóní. Pinnacle wu àbúrò mi, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ ń bà mí. Èwo ni kí a rà?

Mẹkáníìkì Àgbà: Ẹ kú ìnáwó o. CH ni kí ẹ rà. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà ló yẹ kó bà yín lẹ́rù, nítorí ó wà lára ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì E7, irú èyí tí wọ́n ń fi sínú CH nígbà náà, pẹ̀lú. Asẹ́ èéfín tí òfin Amẹ́ríkà mú kí wọ́n máa fi sí ìdí sàlẹ́ńsà láti ọdún 2007 ni kí ẹ bẹ̀rù, torí dísù tí imí ọjọ́ inú rẹ̀ kéré jọjọ ni wọ́n ṣe é fún. Mo ti tú asẹ́ ọkọ̀ kan rí tó dí pátápátá, tí èédú inú rẹ̀ le bí amọ̀ sísun, tí ọkọ̀ ọ̀hún kò sì lè fa ẹrù gun òkè mọ́.

Awakọ̀ Ṣágámù: Òótọ́ ni Bàbá sọ. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo ère ajá tó wà lórí bọ́ńẹ́ẹ̀tì Mack dáadáa. Ní Brooklyn ni àwọn ọmọ ìyá Mack ti dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1900, ṣùgbọ́n ọkọ̀ AC tó jáde ní 1916 ló sọ wọ́n di olókìkí. Ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì ni wọ́n gbé rédíétọ̀ rẹ̀ sí, imú rẹ̀ sì rí kùkúté, ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ń lò ó nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní bá ń fi í wé ajá búlúdọ́ọ̀gì. Alfred Masury, ọ̀gá ẹlẹ́rọ wọn, ló gbẹ́ ère ajá náà ní 1932, nígbà tó wà ní ilé ìwòsàn. Bí ajá bá jẹ́ aláwọ̀ wúrà, ti Mack fúnra rẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì àti jíà. Bí ó bá jẹ́ aláwọ̀ fàdákà, apá kan ti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn wá. Ìyẹn kò burú, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ mọ irú ẹ̀yà tí ẹ óò máa wá kiri ọjà. Wọ́n sì lè pààrọ̀ ajá, nítorí náà ẹ ka àwo tí wọ́n kàn mọ́ ara jíà gan-an.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun púpọ̀. A tún lọ wo CH náà lówùúrọ̀ yìí, ajá rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ fàdákà. Àbúrò mi ló wọ abẹ́ ọkọ̀, ó fi àkísà nu girísì kúrò lára àwo jíà, ó sì ya àwòrán rẹ̀. Mo ń fi í ránṣẹ́ sí Bàbá báyìí.