Kánsẹ́lọ̀ ti dé ilé-ìwé wa, ṣùgbọ́n kíláàsì mi ò tíì rọ̀

Tíṣà Ìṣirò:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan lọ̀ yín. JSS2 ni mò ń kọ́ ní ìṣirò nílé-ìwé ìjọba kan ní Abẹ́òkúta níbí. Àwọn ọmọ inú kíláàsì náà lé ní 70, ìdí kan làwọn mìíràn fi ń jókòó létí bẹ́ǹṣì. Láàárọ̀, wọ́n á gbọ́ tèmi. Tí wọ́n bá ti ibi bréèkì wọlé, ó ti di ọjà Ìtòkú nìyẹn.

Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń ka JSS2 lẹ́ẹ̀kejì. Láńlọ́ọ̀dù ni wọ́n sọ ọ́. Tí mo bá pe orúkọ rẹ̀ nínú rẹ́jísítà, ẹnì kan á kígbe látẹ̀yìn pé, "Láńlọ́ọ̀dù, a máa san owó ilé lọ́la!" Gbogbo kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín, òun náà á sì gbá ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù mú. Iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ní sáà yìí, wọ́n gbé kánsẹ́lọ̀ kan, ìyẹn ẹni tó ń gba àwọn ọmọ ilé-ìwé nímọ̀ràn, wá fún wa. Mo fi Láńlọ́ọ̀dù àti ẹni tí wọ́n jọ jà ránṣẹ́ sí wọn. Nígbà tí wọ́n padà dé, kò sójú ẹgba lára wọn, wọn ò kúnlẹ̀, wọn ò gé koríko. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀gá ilé-ìwé wa ní tiwọn ti ní kí kánsẹ́lọ̀ máa dúró ní géètì láàárọ̀ láti na àwọn tó pẹ́ dé, kí wọ́n sì tún máa kọ́ SS1 ní Civic. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ yìí, kí ni kánsẹ́lọ̀ lè ṣe tí kíláàsì mi á fi ṣeé kọ́? Àbí iṣẹ́ ẹnu lásán ni lóòótọ́?

Bàbá Ìbarà:

Tíṣà, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Láyé tiwa, pàṣán ni kánsẹ́lọ̀. Ìró bàtà ọ̀gá wa lásán la máa ń gbọ́ tí gbogbo wa á fi dákẹ́. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ni kò bẹ̀rù ẹnì kankan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n nà wọ́n ní géètì jàre.

Àǹtí Kánsẹ́lọ̀ (mo ti fẹ̀yìn tì):

Bàbá, mo gbọ́ yín. Àwọn tó ń ti ojú fèrèsé sá lọ nígbà náà ńkọ́, tí wọn ò padà wá mọ́? Àwọn yẹn náà dákẹ́.

Tíṣà mi, ọ̀rọ̀ géètì yẹn ni ká kọ́kọ́ mú. Ọmọ tí mo bá nà láago méje ààbọ̀ kò ní wá sọ fún mi láago mẹ́wàá pé òun ò jẹun láti àná. Á máa kí mi dáadáa, àmọ́ kò ní bá mi sọ òótọ́. Kò sóhun tó ń ba iṣẹ́ wa jẹ́ tó ìyẹn o.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọjọ́ tí ọmọ bá fẹ́ yan iṣẹ́ tó máa ṣe láyé nìkan la wúlò. Ibẹ̀ náà ni iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà lóòótọ́: lọ́dún 1959, àwọn sísítà ìjọ Àgùdà ní St. Theresa's College, Òkè-Àdó, Ìbàdàn, pe àwọn tó mọṣẹ́ wá bá àwọn ọmọbìnrin tó fẹ́ jáde sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà ètò ẹ̀kọ́ jáde lọ́dún 1977, wọ́n fi ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí ọkàn tàbí ìwà wọn ò rọgbọ kún un, wọ́n ní kí kánsẹ́lọ̀ wà nílé-ìwé girama. Lórí ìwé nìyẹn o. Ẹgbẹ́ àwọn kánsẹ́lọ̀ ilé-ìwé ní Amẹ́ríkà ní kí ẹnì kan máa bójú tó ọmọ 250. Níbi tí mo ti fẹ̀yìn tì, àwọn JSS1 nìkan ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Tórí náà, a ò lè máa pè wọ́n wá sí ọ́fíìsì lọ́kọ̀ọ̀kan, inú kíláàsì la ti máa bá wọn. Ẹ bẹ kánsẹ́lọ̀ yín kí wọ́n wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì yín ní píríọ́dù kan lẹ́yìn bréèkì. Kí wọ́n má bá ẹnikẹ́ni wí, kí wọ́n kàn máa kọ ohun tí wọ́n bá rí. Ìgbà wo gan-an ni ariwo ń bẹ̀rẹ̀? Mo jókòó bẹ́ẹ̀ rí nínú kíláàsì olùkọ́ kan tó ní ìpáǹle làwọn ọmọ òun. Ìgbà tó bá kọjú sí pátákó láti kọ nóòtì ni gbogbo rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará ẹ̀yìn ò rí ohun tó kọ, wọ́n á máa béèrè lọ́wọ́ ará iwájú, ibẹ̀ lariwo ti ń gbilẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń pè ní olórí ìpáǹle gan-an ń ṣẹ́jú wo pátákó láti orí bẹ́ǹṣì kẹta. Ojú ló ń dà á láàmú. A gbé e síwájú, a sì ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ awò.

Ti ìwé pélébé ni mo fẹ́ràn jù. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ ara rẹ̀, kó sì kọ orúkọ ẹni méjì tó wù ú kí wọ́n jọ ṣiṣẹ́. Kánsẹ́lọ̀ á fi ọfà so orúkọ mọ́ orúkọ lórí bébà ńlá kan. Ẹ ó rí ẹni tí gbogbo wọn ń fẹ́, ẹ ó rí àwọn mẹ́ta tó jẹ́ pé ara wọn nìkan ni wọ́n ń yàn, ẹ ó sì rí ẹni tí kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀. Nílé-ìwé kan tí kò jìnnà sí Òkúta Olúmọ, ọmọbìnrin kan ni kò sẹ́ni tó mú. Ìyá rẹ̀ ń ṣe adìrẹ, òun ló sì ń bá a fa aṣọ yọ nínú aró kó tó wọ yúnífọ́ọ̀mù. Aró ti wọ abẹ́ èékánná rẹ̀, kò ṣeé fọ̀ kúrò. Wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ ń rùn, kó má fọwọ́ kan ìwé àwọn. Olùkọ́ wọn fi í sáàárín àwọn méjì tí gbogbo kíláàsì ń dárúkọ. N ò ní parọ́ fún yín, wọn ò di kòríkòsùn. Ṣùgbọ́n kò sá lọ sílé lásìkò bréèkì mọ́.

Ní ti Láńlọ́ọ̀dù, ẹ fi í sílẹ̀ ná, àwọn tó ń pe orúkọ yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú. Kánsẹ́lọ̀ lè gba píríọ́dù kan lọ́wọ́ yín kí wọ́n fi bá gbogbo kíláàsì sọ ọ̀rọ̀ ìnagijẹ láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin náà, ẹ má bá wọn rẹ́rìn-ín (èmi rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ka ti owó ilé yẹn, ẹ dárí jì mí). Lẹ́yìn náà, kánsẹ́lọ̀ á wádìí ohun tó jẹ́ kó máa ka kíláàsì kan náà lẹ́ẹ̀kejì: àìsàn ni, owó ni, àbí iṣẹ́ kan tó ń ṣe ní Láfẹ́nwá. Ẹ má bi wọ́n ní yàrá àwọn olùkọ́ pé kí ni ọmọ náà sọ. Tí àṣírí ọmọ kan bá jáde, kò sí òmíràn tó tún máa la ẹnu. Tó bá jẹ́ pé ẹnì kan ń ṣe ọmọ náà níkà, ìyẹn ò sí lábẹ́ àṣírí o. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 wà, ìpínlẹ̀ Ògùn náà sì ní tirẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Ìdí-Àbà:

Ẹ kú àlàyé, Àǹtí. Bàbá àwọn ọmọ mi ló fi dandan mú Táíwò sí sáyẹ́ǹsì ní SS1, torí ó ní òun fẹ́ dókítà nílé. Físíìsì ò yé ọmọ, ló bá di ẹni tó ń pa àwọn ará ẹ̀yìn lẹ́rìn-ín. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn wá. Kánsẹ́lọ̀ wọn ló ránṣẹ́ pe bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó tẹ́ máàkì JSS3 síwájú rẹ̀, ó fi ibi tí ọmọ ti ń mókè hàn án. Ìbínú ló bá wálé, kò jẹ oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ yẹn. Táíwò ti wà ní kọmáṣíà báyìí. Olùkọ́ físíìsì ló ń kí mi tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Bàbá Ìbarà:

Àǹtí, ọ̀rọ̀ fèrèsé yẹn bá mi wí. Àbúrò mi kan wà lára wọn. Ṣùgbọ́n ta ni kó wá dúró ní géètì?

Àǹtí Kánsẹ́lọ̀:

Olùkọ́ tí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ bá kàn ni, Bàbá. Kánsẹ́lọ̀ á gba orúkọ àwọn tó ń pẹ́ dé lemọ́lemọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, á sì lọ wádìí ohun tó ń dá wọn dúró.

Tíṣà Ìṣirò:

Ẹ ṣé gan-an ni, Mà. Mo ti bá kánsẹ́lọ̀ wa sọ ọ́, wọ́n ní àwọn á wá jókòó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀gá ò tíì gbà ní ti géètì. Ìwé pélébé yẹn, ṣé kí n ní kí káptẹ́ẹ̀nì kíláàsì bá mi kó wọn jọ?

Àǹtí Kánsẹ́lọ̀:

Háà, rárá o! Á ti kà á tán kó tó gbé e dọ́dọ̀ yín. Ẹ fọwọ́ ara yín gbà á. Kẹ́ ẹ sì fi ìbéèrè ìṣirò kan sẹ́yìn bébà náà, kẹ́nikẹ́ni má baà máa yọjú wo orúkọ tí ẹnì kejì kọ.