"Apakùrukùru" kọ́: èsì lórí gíláàsì ẹ̀yìn ọkọ̀

Ẹ̀yin ará, mo kí yín láti Abẹ́òkúta.

Mo ka àlàyé tí ẹ̀gbọ́n wa kọ nípa bí a ṣe ń tún àwọn ìlà tó ń mú gíláàsì ẹ̀yìn mọ́tò gbóná ṣe. Àlàyé náà dáa. Orúkọ tí wọ́n fún àwọn ìlà náà, "apakùrukùru", ló kù díẹ̀ káàtó. Nígbà tí ẹnì kan bi wọ́n, wọ́n ní a kúkú ní panápaná, kí ló dé tí a ò fi lè pa kùrukùru?

Ẹ̀gbọ́n, iná tí panápaná bá pa, ó kú ni, eérú ló kù. Kí ló kú lára gíláàsì? Bí òjò bá ká èèyàn mẹ́rin mọ́ inú mọ́tò ní Pánṣẹ́kẹ́, tí wọ́n ti gbogbo fèrèsé, èémí wọn á bà lé gíláàsì tó tutù, á di omi. Iná bátìrì, fóólítì 12, á gba inú ìlà kọjá, ìlà á gbóná, omi á gbẹ padà sínú afẹ́fẹ́. Ooru ló ṣiṣẹ́. "Pa" kò sì sọ nǹkan kan nípa ooru.

Kùrukùru ńkọ́? Èyí tó ń bo Olúmọ lójú láàárọ̀ ọyẹ́ ni kùrukùru. Ohun tó sẹ̀ sára gíláàsì, ìrì ni. Nítorí náà, "ìlà amúrìgbẹ" ni tèmi, ọ̀nà kan náà tí "ẹ̀rọ amúlétutù" gbà wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé àmì ìsàlẹ̀ orí "rì".

Mo fi "ìlà" ṣáájú nítorí àwọn riwáyà, àwọn tó ń tún iná mọ́tò ṣe. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde látinú dáṣíbọ́ọ̀dù ló ń mú gíláàsì iwájú gbẹ. Bí ẹ bá pe méjèèjì ní apakùrukùru, ọmọ iṣẹ́ ní Láfẹ́nwá lè tú dáṣíbọ́ọ̀dù nígbà tó jẹ́ pé ìlà kan ló já lẹ́yìn. Ẹ gbọ́ bó ṣe rọrùn tó: ìlà kan já, àwọn yòókù ṣì ń gbóná. Kó fi tẹ́sítà tó ń wọn fóólítì tọ ìlà náà láti ibi tí iná ti ń wọlé. Lórí ìlà tó dáa, fóólítì á máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀; lórí èyí tó já, kò ní lọ sílẹ̀ títí á fi dé ibi tó ti já bọ́ lójijì sí òdo. Ibẹ̀ ló gé sí. Kó lẹ téèpù sókè àti sísàlẹ̀ ìlà, kó fi ọ̀dà onífàdákà tó ń gbé iná kun àlàfo náà, kó jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Bó bá jẹ́ pé gbogbo ìlà ni kò gbóná, kó wo fíùsì, riléè tó ń tan iná sí àwọn ìlà náà, àti ibi tí wáyà ti so mọ́ etí gíláàsì.

Bàbá tó kọ́ wa ní gírámà ní Ìtòkú kì í gba ọ̀rọ̀ tuntun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni àfi tí ọ̀rọ̀ náà bá sọ iṣẹ́ tí nǹkan ọ̀hún ń ṣe. Ẹni tó sì kọ ọ́ síbí pé àwa Ẹ̀gbá ò mọ Yorùbá kọ, kó rántí ìlú tí wọ́n ti tẹ ìwé ìròyìn Yorùbá jáde lọ́dún 1859.

Ní ti ẹni tó ní "gíláàsì" kì í ṣe Yorùbá, pé "dígí" ni: dígí la fi ń wojú. Ẹ ní "dígí ẹ̀yìn" fún awakọ̀, èyí tó fi ń wo ẹ̀yìn ló máa rò. Mi ò gbà, ṣùgbọ́n ìyẹn lè dúró. "Pa" ni kí ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn lé lórí.