Màmá wa kò dá wa mọ̀ mọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ìbàdí

Ẹ jọ̀ọ́, ó ti sú mi. Màmá wa, ẹni ọdún 91, ṣubú, eegun ìbàdí wọn kán, wọ́n sì ti ṣe iṣẹ́ abẹ. Láti ìgbà tí a ti délé, orúkọ àbúrò wọn tó ti kú ni wọ́n fi ń pè mí. Àbúrò mi ọkùnrin ń fowó ránṣẹ́, ó wá ń pàṣẹ látorí fóònù. Èmi nìkan ni mò ń pààrọ̀ aṣọ tí wọ́n tọ̀ sí. Ṣé wọ́n ti ń ṣarán nìyẹn?

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Bàbá mi náà bá ògiri sọ̀rọ̀ títí, kí iyè wọn tó padà. Àwa àti ẹ̀gbọ́n wa ò tíì parí ìjà ìgbà yẹn.

Bàbá Àgbà: Ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi. Ibo ni ẹni ọdún 91 tún ń rìn lọ?

Nọ́ọ̀sì Àná: Ẹ má tẹ̀lé ìyẹn o! Ọjọ́ kejì iṣẹ́ abẹ ló yẹ kí wọ́n ti dìde, kí wọ́n di wọ́kà mú, irin tí wọ́n fi ń ti ara rìn. Ìdùbúlẹ̀ ló ń fa egbò gìgísẹ̀, ẹ̀jẹ̀ dídì àti òtútù àyà. Arán kì í sì í dé lójijì. Iyè àgbàlagbà sábà máa ń dàrú lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ yìí. Ẹ jẹ́ ká wá ohun tó ń fà á: Ṣé wọ́n ń mumi? Ṣé wọ́n ń yàgbẹ́? Awò ojú wọn ńkọ́? Oògùn wo ni wọ́n ń lò?

Ẹni tó béèrè: Wọ́n ń jẹun díẹ̀. Awò ojú wà nínú báàgì, kó má baà fọ́. Ẹ má bá mi wí lórí ìrìn, ẹ̀yin kọ́ ni wọ́n ń kígbe mọ́.

Bàbá Àgbà: Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ipá lẹ mọ̀.

Nọ́ọ̀sì Àná: Bàbá, a máa ń fún wọn ní oògùn ara ríro ṣáájú kí wọ́n tó dìde. Mo tún bi yín, oògùn wo?

Ẹni tó béèrè: Èyí tí ọsibítù kọ. Mo ń fi ìdajì oògùn oorun tèmi kún un lálẹ́. Bí n kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ta ló máa sùn nílé yìí?

Ìyá Ìbejì: Yéè!

Nọ́ọ̀sì Àná: Oògùn oorun máa ń da iyè àgbàlagbà rú, ó sì lè mú wọn ṣubú lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ pe dókítà wọn kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ sọ orúkọ oògùn oorun náà àti ìgbà tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n yẹ ìtọ̀ wọn wò pẹ̀lú. Ẹ bá wọn wọ awò ojú.

Ẹni tó béèrè: Ṣé dandan ni kí n sọ pé tèmi ni? Àbúrò mi á gbọ́.

Nọ́ọ̀sì Àná: Dókítà lẹ ń pè. Bí ẹ bá jí wọn tí wọn ò jí dáadáa, ọsibítù ni kí ẹ gbé wọn lọ lójú ẹsẹ̀.